Ìwé Ńlá Tó Le: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Bóyá Kí Ẹ Kà Á Parí Tàbí Kí Ẹ Pa Á Dé

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ní ìwé ìtàn àròsọ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí kò rí i kà parí, tí kò sì lè gbé e kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ ònkàwé yín ní Kubwa ló yàn án. Ó lè jẹ́ pé lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Wuse ni ẹ ti rí i, tí ẹ ná an títí tí màlámù fi rẹ́rìn-ín, tí ojú sì wá ń tì yín láti má kà á. Gbogbo ayé ló ń yin ìwé náà. Ẹ̀yin sì rèé, láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, àmì tí ẹ fi sínú rẹ̀ kò kúrò lójú kan.

"Ó le" kò tó ìdí láti pa ìwé dé, kò sì tó ìdí láti máa fi agídí kà á. Líle ìwé kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn wà tí bébà àti pẹ́ńsù máa tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ìwé náà ṣe rí nìyẹn, àfi kí ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́. Òmíràn kò tilẹ̀ sí nínú ìwé rárá, ara òǹkàwé ló wà. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè ju ìwé tí ì bá fẹ́ràn nù nítorí ìtumọ̀ tí kò bá a lára mu, kó sì tún fi odindi ọdún kan bá èyí tí kò ní fẹ́ràn láéláé jìjàkadì.

Ẹ wá pẹ́ńsù, bébà kan tí ẹ máa ká sínú ìwé, àti fóònù tó ní dátà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fún gbogbo rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ má pinnu ohunkóhun lálẹ́ ọjọ́ tí ìwé náà bá mú inú bí yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín, ta ló ní kí ẹ kà á?

Bí ó bá jẹ́ ìwé ìdánwò, ti WAEC, ti NECO, tàbí ti yunifásítì, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ lọ kà á.

Bí ó bá jẹ́ owó tí ẹ fi rà á ló ń dùn yín, ẹ gbọ́ èyí. Ní 1985, Hal Arkes àti Catherine Blumer tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì eré orí ìtàgé fún sáà kan ní yunifásítì Ohio, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dín owó kù fún àwọn kan, wọ́n gba owó pé lọ́wọ́ àwọn yòókù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló yan èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ìdajì àkọ́kọ́ sáà náà, àwọn tó san owó pé ló lọ wo eré jù. Eré kan náà ni gbogbo wọn ń wò o. Owó tó ti lọ ni wọ́n ń sáré lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìwé yín: ẹ kà á, ẹ ò kà á, màlámù ti fi owó náà ra nǹkan míì.

Bí ó bá jẹ́ ìtìjú, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara yín ní kíá. Àbújá yìí, ìlú oníwèé ẹ̀rí ni. Ẹni tó jókòó tì yín ní ọ́fíìsì lè ka ìwé tó pọ̀ ju tiyín lọ, tàbí kó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bíi pé òun ti kà á. Ìtìjú lè mú èèyàn ra ìwé, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó tì dé ojú ìwé irínwó.

Ó ku ìdí kan: pé ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀ ni irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kù lọ́kàn yín, ẹ máa bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ibi tí líle náà wà

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ ṣí ojú ìwé tí ẹ ti dúró, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ tún un kà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Níbikíbi tí ọkàn yín bá ti ṣá lọ síbòmíràn, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn ojú ìwé mẹ́wàá, ẹ wo ohun tó wà níbi tí ìlà pọ̀ sí.

*Ó lè jẹ́ orúkọ.* Ti àwọn ará Rọ́ṣíà ló gbajúmọ̀ jù. Nínú *The Brothers Karamazov* tí Dostoevsky parí ní 1880, Dmitri ni Mitya, òun náà ni Mitenka; Alexei ni Alyosha. Fyodorovich tí ẹ ń rí lẹ́yìn orúkọ wọn kàn ń sọ pé ọmọ Fyodor ni wọ́n. Kò yẹ kí èyí rú Yorùbá lójú. Ẹni tó ń jẹ́ Káyọ̀dé níbi iṣẹ́ ni Àkànní lẹ́nu ìyá rẹ̀, òun ni Bàbá Ṣadé ládùúgbò, òun náà ni Alhaji ní mọ́ṣáláṣí, kò sì sí ẹni tó ń bi wá pé èèyàn mélòó nìyẹn. Ẹ ya bébà yín sí ọ̀nà mẹ́ta: orúkọ, gbogbo ohun tí wọ́n tún ń pè é, àti ohun tó fi kan àwọn yòókù, bí ọmọ ta ni, ta ló ń fẹ́, ta ló jẹ lówó. Ẹni tó bá kọ orúkọ mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ máa rí i pé ìdajì wàhálà ti lọ.

*Ó lè jẹ́ ọwọ́ atúmọ̀.* *War and Peace* ti Tolstoy, tó jáde tán ní 1869, bẹ̀rẹ̀ níbi àríyá àwọn ọlọ́lá kan ní 1805, èdè Faransé ni wọ́n sì ń sọ láti ìlà àkọ́kọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá Rọ́ṣíà ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà náà. Nígbà tí Louise àti Aylmer Maude tú ìwé náà, wọ́n sọ púpọ̀ nínú Faransé yẹn di Gẹ̀ẹ́sì. Richard Pevear àti Larissa Volokhonsky, nínú tiwọn tó jáde ní 2007, fi Faransé sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì kó ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Àwọn méjèèjì ló ní olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti iṣẹ́ dé láti Central Area, tó wá ń fi ojú wá ohun tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé ní gbogbo ìlà kẹta, kì í pẹ́ tí oorun fi í gbé e. Ti Maude wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ibi tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú orí tí ẹ ti dúró, ẹ wá orí kan náà nínú ìtumọ̀ mìíràn, kí ẹ ka méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Bí èkejì bá ń lọ geere, ẹ ò bá Tolstoy jà rí nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ ìwé.

*Ó lè jẹ́ bí ìgbà ṣe ń lọ tó ń bọ̀.* *The Interpreters* tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1965 ń ṣe èyí gan-an. Ilé ijó ni a ti bẹ̀rẹ̀, òjò ń rọ̀ lé àwọn ọ̀rẹ́ lórí, kí ẹ sì tó fìdí jókòó, ẹ ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú wọn, ní ọjọ́ mìíràn tó ti kọjá. Kò sí ẹni tó máa sọ fún yín pé a ti padà sẹ́yìn. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ "àná" tàbí "òní" sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ títí ojú yín á fi mọ́ ọn lára. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn olùyẹ̀wò ilẹ̀ òkèèrè ń ṣàlàyé fún ara wọn lójú ewé gígùn, tí àwa ti mọ̀ láti ilé: Kola, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, ń ya àwòrán àwọn òrìṣà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì ń wò yà wọ́n. Egbo ló fi ya Ògún. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ògún yóò ti mọ ìdí tí inú Egbo kò fi dùn sí i. Nítorí náà, bí Yorùbá bá sọ fún mi pé òun ti pa ìwé yẹn dé ní ojú ìwé ogún, màá ní kó tún gbìyànjú.

*Ó lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé ti yà kúrò lọ́nà.* Victor Hugo ni ọ̀gá nídìí èyí. Nínú *Les Misérables*, 1862, Jean Valjean gbé ọmọkùnrin tó fara gbọgbẹ́ sẹ́yìn, ó wọ abẹ́ ilẹ̀ níbi tí omi ìdọ̀tí Paris ń gbà, àwọn sójà wà lókè. Àyà yín ń já. Hugo bá dá ìtàn dúró, ó ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe gbẹ́ ọ̀nà omi ìdọ̀tí náà. Ó ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì, níbi tó ti lọ jagun Waterloo látòkè délẹ̀. Ẹ lè fò ó. Daniel Pennac, olùkọ́ àti òǹkọ̀wé ará Faransé, ka ẹ̀tọ́ mẹ́wàá fún òǹkàwé ní 1992: ìkejì ni ẹ̀tọ́ láti fo ojú ìwé, ìkẹta ni ẹ̀tọ́ láti má kà á parí. Èmi fi tèmi kún un: ẹ kọ ibi tí ẹ ti fò sórí bébà, kí ẹ má sì fo ibi tí àwọn èèyàn bá ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ *Moby-Dick* ti Melville, 1851, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo orí 32 kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Gbogbo èèyàn ló ń ráhùn pé ńṣe ló ń ka irú ẹja àbùùbùtán síbẹ̀ bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé. Wọn ò sọ fún yín pé àwàdà ló pọ̀ níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń to ìwé sórí pẹpẹ, ńlá, àárín, kékeré, ló ṣe to àwọn ẹja náà.

*Ó lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.* Umberto Eco sọ pé nígbà tí òun kọ *The Name of the Rose*, tó jáde ní Ítálì ní 1980, àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní kí òun gé ọgọ́rùn-ún ojú ìwé àkọ́kọ́ kúrú, nítorí ó le. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé àwọn mọ́ńkì tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ kó lo ọjọ́ méje níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìrìn ilé náà. Ẹni tí kò bá lè gbà á kò ní lè ka ìyókù. Bí ẹ bá ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí ẹ ní ni pé kò yára, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i.

*Ó sì lè jẹ́ ojú yín.* Mi ò ṣàwàdà. Bí èèyàn bá ti lé ní ogójì ọdún, ohun tó sún mọ́ ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro rí. Àwọn ìwé olówó pọ́ọ́kú sì rèé, lẹ́tà wọn kéré bí èèrà, bébà wọn ti pọ́n. Ẹ gbé ìwé náà jáde síta ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kí ẹ ka ojú ìwé tí ẹ sọ pé ó le lálẹ́ àná. Tàbí kí ẹ ṣí i lórí fóònù, kí ẹ sọ lẹ́tà di ńlá. Bó bá rọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Bó bá jẹ́ Fágúnwà ni

Mo yà á sọ́tọ̀, nítorí òun ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn àbúrò wa tí a tọ́ ní Gwarinpa, ní Lugbe, ní Kàdúná. Wọ́n ń sọ Yorùbá nílé, wọ́n ń sọ Haúsá lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ilé ìwé. Wọ́n gbé *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀*, 1938, wọ́n kà á dé ojú ìwé kẹta, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, Yorùbá rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù fún mi."

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe jíjinlẹ̀. Ìwé tí ẹ rí lè jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ṣì ń kọ "aiye" fún ayé, "enia" fún ènìyàn, "nwọn" fún wọ́n, kí ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tó dé. Àmì ohùn kò pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ojú ò tètè mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń wò. Gbólóhùn rẹ̀ sì gùn, ọ̀rọ̀ ń gun ọ̀rọ̀ lórí. Ẹni tó bá fi ojú nìkan kà á á rẹ̀ kíákíá. Ẹ fi ẹnu kà á, sókè. Etí yín ti gbọ́ Yorùbá láti kékeré. Ohun tí ojú ń bá jà, etí á ti gbà á kọjá. Bí wọ́n sì ṣe gbé ìwé náà kalẹ̀ nìyẹn: Akara-ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, wá bá ẹni kan nílé, ó ní kó mú gègé àti ìwé, kó máa kọ ohun tí òun ń sọ, nígbà tó yá, èrò ń pé jọ wá gbọ́.

Bí ẹnu yín kò bá dá a, ẹ bẹ Ìyá Àgbà tàbí àbúrò bàbá yín nílé kí wọ́n ka orí kan sínú WhatsApp fún yín. Ẹ ṣí ìwé, ẹ máa fi ojú tẹ̀lé ohùn wọn. Lẹ́yìn orí méjì tàbí mẹ́ta, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kì í nílò ohùn náà mọ́. (Ẹ múra sílẹ̀ pé Ìyá Àgbà máa dúró lágbedeméjì láti bi yín nípa ìgbà tí ẹ ń bọ̀ nílé.) Ṣóyínká tú ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní 1968, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì yá lára jù lè ka orí kan nínú rẹ̀ kó tó ka ti Yorùbá, kó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kó má sì retí pé kó bá a mu ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Ṣóyínká kì í ṣe akọ̀wé ẹnikẹ́ni.

Ibi tó máa ń ti àwọn ọ̀dọ́ ṣubú gan-an wà ní apá ìparí, nígbà tí àwọn ọdẹ dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, tó ń fi ọjọ́ méje kọ́ wọn ní ọgbọ́n. Ìjà ti tán, ẹ̀kọ́ ló kù. Ẹ má kà á ní àkàpọ̀. Ọjọ́ kan nínú méje yẹn fún ìjókòó kan, ó tó.

Àwọn kan ní Àbújá ń sọ̀rọ̀ Fágúnwà bíi pé nǹkan ìwọ̀-oòrùn ni, tí kò kan ìhín. Nítòsí Bídà, ní ìpínlẹ̀ Niger tó bá wa pààlà, ni ọkùnrin náà kú sí ní oṣù Kejìlá 1963.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ibùjókòó àti àkókò

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya kò dára fún irú ìwé yìí. Bọ́ọ̀sì ń mì, kọ̀ndọ́ ń pariwo, ẹ ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ tọ́jú ìwé tó fúyẹ́ fún ọ̀nà. Rélùwéè láti Kubwa lọ sí Rigasa sàn púpọ̀. Èyí tó dára jù ni òwúrọ̀ kùtù, kí ilé tó jí: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lójoojúmọ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Àìkú lọ, nítorí ẹ ò ní gbàgbé ẹni tó ń jẹ́ ta.

Ẹni tó ń wakọ̀ láti Mararaba lójoojúmọ́ lè gbọ́ ọ dípò kó kà á. LibriVox, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, ní ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kà, ọ̀fẹ́ ni. Ohùn wọn kò dọ́gba. Bí ti ẹnì kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wo bóyá ẹlòmíràn tún ka ìwé kan náà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pààlà

Nancy Pearl, tó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé rí ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, ní òfin tó gbajúmọ̀: bí ẹ kò bá tíì lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ ka 50 ojú ìwé kí ẹ tó pinnu, bí ẹ bá ti lé, ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 100. Ẹni ọgọ́ta ọdún á ka 40, ẹni ọdún 72 á ka 28. Inú àwọn àgbà máa ń dùn bí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Òfin náà dára fún ìwé ojoojúmọ́. Fún ìwé ńlá àtijọ́, ó kéré jù. Nínú *Moby-Dick*, orí 22 ni ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, orí 28 ni Ahab, ọ̀gá ọkọ̀ náà, tó fojú hàn. Ẹni tó bá dúró ní ojú ìwé 50 kò tíì rí ọkọ̀ ojú omi náà, ó wá ń sọ pé ìtàn ojú omi kò dùn.

Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ààlà jẹ́ ibi tí ìtàn ti fi ọwọ́ rẹ̀ hàn. Nínú *Moby-Dick*, ó jẹ́ orí 36, níbi tí Ahab ti kan owó wúrà mọ́ òpó ọkọ̀, tó sọ ohun tó ń wá fún àwọn atukọ̀. Bí ẹ bá ka ibẹ̀ tí ara yín ò bù máṣọ, ẹ lè máa lọ, ẹnikẹ́ni kò ní bá yín wí. Nínú *War and Peace*, ó jẹ́ òpin apá kìíní, nígbà tí Andrei, ọ̀kan nínú àwọn tí ìtàn náà dá lé, kí bàbá rẹ̀ pé ó dìgbóṣe, tó lọ sójú ogun. Bí ẹ ò bá mọ irú ibẹ̀ nínú ìwé tiyín, ẹ bi ẹni tó ti kà á, tàbí kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣe é: 120 nínú ìwé olójú ìwé 1,200. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ síbẹ̀: "Ibí ni màá ti pinnu." Ẹ ò gbọdọ̀ ronú nípa pípa á dé kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìyẹn nìkan máa mú ìwé náà fúyẹ́, nítorí ìdajì agbára tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, orí àríyànjiyàn nínú ọkàn yín lẹ ń ná an sí.

Ìwé kékeré kò nílò ààlà. *Shaihu Umar* tí Abubakar Tafawa Balewa kọ ní Haúsá, ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di olórí ìjọba, kò nípọn rárá. Ẹ sáà kà á tán.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ sọ ìtàn náà fún ẹnìkan, ní Yorùbá

Bí ẹ bá ti dé ààlà, ẹ má bi ara yín pé "Ṣé mo gbádùn rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn kì í ní ìdáhùn tó tọ́ lójú ẹni tó ti rẹ̀. Ẹ wá ẹni tí kò ka ìwé náà, ìyàwó, ọkọ, ẹni tí ẹ jọ ń jẹun ọ̀sán ní Area 1, kí ẹ sọ ibi tí ìtàn dé fún un. Ní Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè yá ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé lò láìmọ̀. Ní Yorùbá, ẹ ní láti wá ọ̀rọ̀ fúnra yín, ohun tí ẹ kò bá rí gbámú nínú ìtàn náà máa hàn.

Ẹ wá kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí ẹni náà bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yẹn?" tí ó sì dùn yín pé ẹ ò tíì lè dáhùn, ìwé náà ti wọ̀ yín lára, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ẹ máa kà á lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ìbínú ni ẹ fi ń sọ ọ́, tí ẹ ń bú ọkọ inú ìtàn, tí ẹ ń ní òǹkọ̀wé kò mọ nǹkan kan nípa obìnrin, ìyẹn náà dára. Ìwé tí kò já mọ́ nǹkan kan kì í bí èèyàn nínú tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi ìbínú ka ìwé dé òpin, òun sì ni ẹgbẹ́ gbádùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù.

Bí ẹ bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ létòlétò, láìsí ìfẹ́, láìsí ìbínú, ohùn yín sì dàbí ti ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ilé iṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta sí i, pẹ̀lú ìtumọ̀ mìíràn bí ó bá wà.

Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan sọ ju pé "ó ń ṣàpèjúwe ilé ṣáá," tí ẹ ò lè dárúkọ ẹni kan, tí bébà orúkọ sì wà lọ́wọ́ yín, ó ti tán. Ẹ pa á dé.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá wọ́n lè ka ojú ìwé tó gbẹ̀yìn wò. Kí ló dé? Òpin ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé yìí ti wà ní ìta fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí ẹ bá mọ òpin tí ìfẹ́ sì tán pátá, ẹ wo fíìmù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ẹ mú ọ̀kan

*Ẹ óò kà á parí.* Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ sí orí, ẹ má ṣe é sí ojú ìwé, nítorí orí ní ibi ìsinmi. *Moby-Dick* ní orí 135 àti àfikún kékeré lẹ́yìn. Mẹ́ta lójúmọ́, ó di ọjọ́ 45. *War and Peace* ní orí 361, púpọ̀ nínú wọn kúrú; ọ̀kan lójúmọ́, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún. Ọjọ́ tí ẹ bá pa jẹ, ẹ má san án padà ní ọjọ́ kejì. Ẹ kàn máa bá a lọ láti ibi tí ẹ dé.

*Ẹ óò gbé e tì fún ìgbà díẹ̀.* Èyí ni a máa ń fi tan ara wa jẹ jù. Gbígbé tì tí kò ní ọjọ́ kì í ṣe gbígbé tì. Ẹ kọ sórí bébà yín: ibi tí ẹ dé, ìdí tí ẹ fi dúró, àti oṣù tí ẹ máa padà, bíi ọyẹ́ tó ń bọ̀ tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ní àárín ìgbà náà, ẹ ka ìwé kékeré láti ọwọ́ òǹkọ̀wé kan náà. Ẹni tí *War and Peace* wúwo fún, *The Death of Ivan Ilyich*, 1886, kò ju ìjókòó méjì lọ. Ẹni tí *Ulysses* ti Joyce lé padà, ìtàn kéékèèké inú *Dubliners*, 1914, ni kó gbà wọlé. Àwọn kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ tún padà wá nínú *Ulysses*. Ẹni tí Ṣóyínká rú lójú, kó lọ sí *Aké*, 1981, níbi tó ti ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ohùn kan náà ni, ó kàn sọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀ ni.

*Ẹ óò pa á dé.* Ẹ ṣe é tọkàntọkàn. Ẹ yọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹgbẹ́ ònkàwé bá pé, tí Bàbá Tólú sì ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti dé ibo?" ẹ fèsì pé, "Mo ka apá kìíní, sà. Kò bá mi lára mu, ibi tó sì ti sú mi rèé." Ẹ wá sọ ibi pàtó. Ẹni tó ka ìdá kan nínú mẹ́wàá tó mọ ohun tó ṣe é wúlò fún ẹgbẹ́ ju ẹni tó lọ wo àkékúrú rẹ̀ lórí YouTube, tó wá ń fi ẹnu yípo bí olóṣèlú.

Fún ìwé náà, ẹ fún ẹni tó máa kà á, kì í ṣe ẹni tó máa fi ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti dúró fún un, kí ẹ sì fi bébà orúkọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ilé-ìkàwé ni, ẹ fi rọ́bà pa gbogbo àmì pẹ́ńsù rẹ́ kí ẹ tó dá a padà, pàápàá èyí tí ẹ fi bú òǹkọ̀wé.